Ẹ Gbé Fèrèsé Kaṣíà Kúrò Lẹ́nu Ọ̀nà Aláìsàn

Ẹni tí ó bá tètè jí dé iwájú fèrèsé kaṣíà ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Àbújá, kí oòrùn tó yọ lórí Àpáta Aso, yóò bá ọ̀wọ́ ènìyàn níbẹ̀ tí wọ́n tò gbọọrọ bí ẹni ń retí omi ẹ̀rọ, tí olúkúlùkù wọn di àpò ìwé mọ́ àyà. Bí ó bá sì wo ojú wọn dáadáa, yóò rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe aláìsàn, ọkọ aláìsàn ni, ìyàwó aláìsàn ni, nítorí aláìsàn fúnra rẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀ọ́kán, ó gbé orí ti ògiri, ó ń dúró kí wọ́n ka owó rẹ̀ tán kí wọ́n tó kà á mọ́ ènìyàn.

Mo bá tọkọtaya kan lọ sí irú ibẹ̀ ní ọjọ́ kan. Kubwa ni wọ́n ń gbé, ojúlé kejì sí tèmi. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni ọkọ, awakọ̀ takisí ni. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Ìbejì, ni ó ń din àkàrà ní ìkóríta wa kí àìsàn tó gbé e jókòó. Jẹjẹrẹ ọmú ni ó mú un, ó sì ti kúrò ní ọmú, ó ti wọ egungun ẹ̀yìn. Ọkọ ti ta ilẹ̀ tí ó rà sílé. Ó ti gba àjọ tí kò tíì kàn án. Ó ti yá sọ́gúndógójì. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ kò tó, ó ta takisí fún ará àdúgbò wa kan. Takisí yẹn gan-an ni a wọ̀ lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ọkọ jókòó sẹ́yìn, ó fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ kí gegele ọ̀nà má baà ro ó lára jù, nígbà tí jíà sì ké lábẹ́ afárá, ó sọ fún awakọ̀ tuntun pé, “Kejì rẹ̀ máa ń ṣagídí, rọra tì í.” Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ó san owó ọkọ̀ pé bí èrò yòókù.

Iye tí wọ́n kọ sínú ìwé pélébé tí wọ́n nà sí i láti inú fèrèsé ju owó oṣù mẹ́fà lọ lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ tí ń gba ₦70,000, èyí tí òfin sọ di owó oṣù tí ó kéré jù lọ láti July 2024. Ó ka èyí tí ó mú wá, kò pé. Ìyàwó rẹ̀ sọ láti orí bẹ́ǹṣì pé, “Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Ẹ fi èyí san owó WAEC àwọn ọmọ.” Ọkọ kò wo ojú rẹ̀. “Àbẹ̀kẹ́, má sọ ọ́ mọ́,” ni ó wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó náà lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni pé náírà lè bímọ sí ènìyàn lọ́wọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Èmi kò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí ohun tí ó gbé wa dé ibí, nítorí ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ mọ̀ pé ní ìlú Àbújá yìí gan-an, ní April 2001, ni àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà jókòó tí wọ́n ṣèlérí pé 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣúná ìjọba wọn ni yóò máa lọ sí ìlera, àti pé Nàìjíríà tí ó gbà wọ́n lálejò kò tíì mú ìlérí náà ṣẹ ní ọdún kan ṣoṣo. Ẹ mọ̀ pé nǹkan bí náírà mẹ́ta nínú mẹ́rin tí a ń ná sórí ìtọ́jú ní orílẹ̀-èdè yìí, àpò aláìsàn àti ará ilé rẹ̀ ni ó ti ń jáde. Àwọn tí ń bá Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ sọ pé ní 2022, ó tó 127,000 ènìyàn tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà, ó sì pa bí 79,000. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé àìlówó nìkan ni àwọn aláṣẹ ń rò fún wa, n kì bá tí kọ ìwé yìí. Èyí tí ó lé mi dé ìdí kálámù ni ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ níbi ìkómọ kan ní Gwarinpa, lẹ́nu ọ̀gbẹ́ni kan tí ó ti ń jẹun ìjọba ọjọ́ ti pẹ́, tí ó fi ẹran sẹ́nu, tí ó rẹ́rìn-ín músẹ́, tí ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, kí a má tan ara wa. Jẹjẹrẹ tí ó ti wọ egungun, ẹ fẹ́ kí ìjọba máa náwó lé e lórí? Àìsàn là ń wò, a kì í wo ọlọ́jọ́. Ẹ jẹ́ ká fi owó yẹn ra abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọdé.” Àwọn tí ó yí i ká mi orí pé òótọ́ ni.

Mo mọ òwe náà kí wọ́n tó bí i. Ṣùgbọ́n òwe a máa ní ibùgbé, bí ènìyàn ti ń ní ilé, ibùgbé òwe yìí sì ni ẹnu ẹni tí ó ti ibi ìsìnkú bọ̀. Nígbà tí a bá ti lọ já ewé, tí a ti wa egbò, tí àgbo ti hó títí tí ìdí ìkòkò fi dúdú, tí ẹbí ti dáwó, tí àna ti gbé ewúrẹ́ wá, tí ọlọ́jọ́ sì tún lọ, ìgbà náà ni àgbàlagbà kan yóò fọwọ́ lé èjìká ọkọ tí ó ń sunkún, tí yóò wí fún un pé àìsàn ni a ń wò, kí ó má baà máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ìtùnú ni. Ta wá ni ó sọ ọ́ di òfin ìṣúná? Ta ni ó mú ọ̀rọ̀ tí a fi ń nu omijé opó nù, tí ó fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kò tíì kú?

Ta ni ó sì fi ìwé ọjọ́ han ọ̀gbẹ́ni náà, tí ó fi mọ ẹni tí í ṣe ọlọ́jọ́? Dókítà kò sọ fún wa pé Àbẹ̀kẹ́ yóò bọ́ pátápátá, kò parọ́. Ohun tí ó sọ ni pé oògùn lè dá àrùn náà dúró. Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ọmú tí ó ti wọ egungun ni oògùn ń mú dúró fún ọdún mélòó kan, jẹjẹrẹ prostate, tí ń ṣọdẹ àgbà ọkùnrin, a sì máa rọlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà bí oògùn bá ti ń gba oúnjẹ rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Kí ni ọdún mẹ́ta lójú akọ̀wé tí ń to ìṣúná? Ìlà kan nínú ìwé ni. Lójú ìyá tí ìbejì rẹ̀ ń múra WAEC, òun ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọmọ tí ó rí ìyá títí ó fi kọ́ṣẹ́ àti ọmọ tí ó ń kiri píọ̀-wọ́tà láàárín ọkọ̀ ní Nyanya.

Ẹ sì jẹ́ ká wo àwọn tí òwe yìí kì í bá wí. Gómìnà Rótìmí Akérédolú ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà ní Jámánì níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ nígbà tí jẹjẹrẹ prostate mú un lọ ní 27 December 2023. Ìyàwó rẹ̀, Betty, tí jẹjẹrẹ ọmú ti bá jà ní 1997, tí ó sì dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ ní ọdún yẹn kí àwọn obìnrin mìíràn lè rí alábàárò, wà láàyè láti ṣọ̀fọ̀ ọkọ. Èmi kò fi èyí bú olóògbé. Ọlọ́run fún un ní ìsinmi, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ìtọ́jú tí ó gbà. Ààrẹ Buhari lo ọjọ́ tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ lórí àìsàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2017. Ní October ọdún kan náà ni ìyàwó rẹ̀ kígbe síta pé ilé ìwòsàn inú Aso Rock, ní ẹ̀yìnkùlé ọkọ òun, kò ní sírínjì. A kò gbọ́ kí akọ̀wé kankan fi ẹran sẹ́nu kí ó ní a kì í wo ọlọ́jọ́. Ẹnu wọn mọ́lẹ̀ bí ẹni fi lẹ́ẹ̀dì dí i. Ó wá di orí alákàrà Kubwa, gbogbo wọn di babaláwo tí ń ka òpin ayé ènìyàn!

Wọ́n tún ń wí pé, “Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó wá.” Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n pẹ́. Bí o bá fi fèrèsé sí ẹnu ọ̀nà, tí o ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé láìsan owó, ṣé kí alákàrà máa sáré wá ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan kókó tí kì í dùn ún? Ó ra oògùn lọ́dọ̀ kẹ́mísìtì, ó gba àdúrà, ó mu àgbo, ó sì ń din àkàrà lọ. Àìlówó nìkan kọ́ ni ó sì ń múni pẹ́: Gàní Fawẹ̀hìnmi, àgbà agbẹjọ́rò tí ẹnu rẹ̀ tó ìjọba, àìsàn mìíràn ni wọ́n ń wò mọ́ ọn lára nílé níbí títí àwọn dókítà Lọ́ńdọ̀nù fi rí jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó sì kú ní September 2009. Bí ó bá lè rí bẹ́ẹ̀ fún Gàní, ẹ máa bi alákàrà léèrè ohun tí ó pa á mọ́lé.

Ti abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé, a kò bá wọn jà. Inú wa dùn ní October 2023 nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ tí ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, kò sì bùṣe. Ṣùgbọ́n nítorí pé à ń gbin ọ̀pẹ ọ̀la, ṣé kí a gé igbà mọ́ ẹni tí ó wà lókè ọ̀pẹ lónìí nídìí?

Èyí tí ó burú jù nínú àríyànjiyàn náà ni pé irọ́ wà nínú ìṣirò rẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé owó tí ìjọba kò bá san, a kò ná an. A ná an! Bàbá Ìbejì ná an: ó ná ilẹ̀, ó ná àjọ, ó ná irinṣẹ́ tí ó fi ń wá oúnjẹ fún ẹni mẹ́rin, ó sì ń san èlé lé e. Ìwọ̀fà tí òfin ti pa rẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa tó dáyé, ẹ ti dá a padà láti inú fèrèsé kaṣíà, nítorí ọkùnrin náà ti padà sẹ́nu takisí tí í ṣe tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, owó ọjà ni ó ń ru lọ fún olówó ọkọ̀ ní alaalẹ́, èyí tí ó bá ṣẹ́kù ni ti oògùn. Bí ìyàwó rẹ̀ bá kú, gbèsè náà kò ní kú. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi òwe bo ojú, ẹ wo èyí!

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ohun tí a ń fẹ́.

Àkọ́kọ́, ìjọba àpapọ̀ ti ní àpò kan tí wọ́n ń pè ní Cancer Health Fund, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn mẹ́fà, National Hospital ní Àbújá níbí àti UCH Ìbàdàn wà lára wọn, fún jẹjẹrẹ mẹ́ta: ti ọmú, ti ẹnu ilé ọmọ àti ti prostate. Ó dára, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ kì í yan ibi mẹ́ta: ẹni tí ó mú ní ẹ̀dọ̀ ń kọ́, ẹni tí ó mú ní ìfun ń kọ́? Kí àpò náà ṣí fún gbogbo jẹjẹrẹ, kí ó má sì bi ẹnikẹ́ni bóyá àrùn rẹ̀ ti rìn jìnnà. Kí ìwé tí dókítà fọwọ́ sí jẹ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo, kí owó lọ tààrà sọ́dọ̀ ilé ìwòsàn, kí aláìsàn má fojú kàn án rárá, nítorí bí owó kò bá gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá, àyè àtijí yóò dín. Bí wọ́n bá bèèrè ibi tí owó yóò ti wá, òfin adójútòfò ìlera tí a fọwọ́ sí ní 19 May 2022 ti sọ ọ́ di ọ̀ranyàn fún gbogbo ènìyàn, ó sì dá àpò sílẹ̀ fún aláìní. Kí wọ́n wá awakọ̀ takisí rí ní gáréèjì, kí wọ́n wá alákàrà rí ní ìkóríta, kí wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n má jókòó sí ọ́fíìsì máa retí wọn.

Èkejì, ìrora. Ní Uganda, láti ìgbà tí Dókítà Anne Merriman ti dá Hospice Africa sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1993, ni wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun mọ́fíìnì mọ́ omi sínú ìgò, ọ̀fẹ́ ni aláìsàn sì ń gbà á. Láti 2004 ni wọ́n ti gba nọ́ọ̀sì tí ó kọ́ iṣẹ́ náà láyè láti kọ ọ́ fúnni, tí ó fi ń dé abúlé tí dókítà kò dé. Uganda kò lówó jù wá lọ. Àbẹ̀kẹ́ ń fi eyín gé etí ìrọ̀rí lóru kí àwọn ọmọ má baà gbọ́. Ìgò kan lábẹ́ ibùsùn, nọ́ọ̀sì kan tí ń yí Kubwa, Bwari àti Gwagwalada ká lórí alùpùpù, kì í ṣe ohun tí ó ju agbára olú-ìlú yìí lọ, ẹni tí ó bá sì ní ó jù ú lọ, kí ó wá sùn ní ojúlé wa lóru ọjọ́ kan.

Yàtọ̀ sí èyí: kí ẹ̀rọ ìtànṣán má kéré sí méjì ní ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan tí ń lò ó, kí oníṣẹ́ tí ó lè tún un ṣe máa gbé nítòsí; kí ilé ibùsùn olówó pọ́ọ́kú wà fún àwọn tí ń ti Lọ́kọ́ja àti Mínà wá; kí wọ́n mú owó ibodè kúrò lórí oògùn jẹjẹrẹ; kí ọkọ tàbí aya tí ń ṣiṣẹ́ ìjọba gba ìsinmi pẹ̀lú owó oṣù; kí wọ́n má tún fi gbèsè dá òkú ẹnikẹ́ni dúró.

Kí ẹni tí ó bá ka ìwé yìí mú un lọ bá aṣòfin àdúgbò rẹ̀, kí ó bi í léèrè ojú rẹ̀ sí ojú. Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni mò ń kọ ọ́. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ní kí Àbẹ̀kẹ́ padà wá gba abẹ́rẹ́, owó tí ó sì wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ kò tíì tó ìdajì.