Ìjánu ọkọ̀ tí a gbé ìdí rẹ̀ sókè

Ẹni tí ó bá ń wọ ọkọ̀ láti Kétu lọ sí Àjàṣẹ́, tàbí láti Ṣábẹ lọ sí Kútọnu, yóò ti rí àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tí ìdí wọn ga ju orí lọ nígbà tí wọn kò bá ní ẹrù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni a ṣe wọ́n wá. Awakọ̀ ni ó ní kí wọ́n fi irin kún irin tí ó gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ ró, kí ó lè kó àgbàdo àti iṣu sí i. Àpọ̀jù ẹrù kò dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ohun tí ó ká mi lára lónìí ni ìjánu, èyí tí àwọn awakọ̀ wa ń pè ní fírẹ̀n.

Bí awakọ̀ bá tẹ ìjánu, ìwúwo ọkọ̀ a sáré lọ síwájú. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, nítorí pé orí àwa èrò a máa lọ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ a tẹ ilẹ̀ dáadáa, ti ẹ̀yìn a sì fúyẹ́. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ṣófo, ìjánu ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ le tó ti iwájú. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá kọ́kọ́ dúró, tí kò yí mọ́, ìdí ọkọ̀ a gba ẹ̀gbẹ́ lọ síwájú, ọkọ̀ a sì kọjú sí ibi tí ó ti ń bọ̀.

Bí ẹrù bá kún ẹ̀yìn ńkọ́? Nígbà náà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lè gba ìjánu púpọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù fi ní ẹ̀rọ kékeré kan lábẹ́, tí ọ̀pá so mọ́ irin ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí ẹrù bá tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ náà a jẹ́ kí ìjánu ẹ̀yìn le sí i. Bí ọkọ̀ bá ga, a dín in kù.

Ẹ wá wo ohun tí a ṣe. A gbé ìdí ọkọ̀ sókè, ẹrù kún un, síbẹ̀ ẹ̀rọ náà rò pé òfìfo ni. Ìjánu iwájú ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, a sì gbóná. Àwọn mìíràn tilẹ̀ yọ ẹ̀rọ náà dànù, wọ́n so ọ̀nà omi ìjánu pọ̀ tààrà. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn nígbà tí ẹrù wà. Kí wọ́n wá já ẹrù sílẹ̀, kí òjò rọ̀, kí ewúrẹ́ kan sì já sí títì!

Iṣẹ́ náà kò tóbi. Ẹni tí ó bá fi irin kún ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kí ó tún ọ̀pá náà so, kí ó bá gíga tuntun mu. Kí ó sì dán ọkọ̀ wò níbi tí kò sí ènìyàn, pẹ̀lú ẹrù àti láìsí ẹrù, kí ẹlòmíràn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan máa wo ẹsẹ̀ tí ó kọ́kọ́ dúró. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹ̀yìn. Ẹni tí ó gba owó láìṣe èyí kò tíì parí iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni olówó ọkọ̀ tí kò fẹ́ san owó rẹ̀ kò kúrò nínú ẹ̀bi.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń kó ẹrù lọ sí ọjà, ẹ bi awakọ̀ yín léèrè kí ẹ tó san owó ọkọ̀: ta ni ó tún fírẹ̀n ẹ̀yìn so, ọjọ́ wo sì ni?