Ẹ̀yin Aṣòfin, Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Gé Owó Ilé-Ẹ̀kọ́

Bí owó ìjọba kò bá tó, kì í pẹ́ kí ọ̀bẹ tó kan owó ilé-ẹ̀kọ́. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá kọ̀ ọ́.

Òfin UBE ti ọdún 2004 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ran àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ lórí ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ dá owó tí kò dín ní ìdajì iye tí iṣẹ́ náà yóò ná wọn. Ìpínlẹ̀ tó bá gé náírà kan nínú owó yìí, náírà méjì ló pàdánù. Owó á wà l'Ábújá, òjò á máa pa ọmọ ní kíláàsì, wọn á sì ní kí àgbẹ̀ wá san owó àga.

Ní oṣù kìíní ọdún 1955 tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, owó epo rọ̀bì kò tíì dé. Owó kòkó àti owó-orí ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ àgbà tó mọ̀wé lónìí jẹ nínú rẹ̀. Ṣé ó wá yẹ kí ti ọmọ-ọmọ wọn burú sí i?

Òfin ọdún 1999 fún aṣòfin láṣẹ lórí ìṣúná. Kí wọ́n gé owó ọkọ̀ àti ìrìn-àjò, kí wọ́n sì rí i pé owó ilé-ẹ̀kọ́ jáde lóòótọ́. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.