KÍ NI PÁSÍTỌ̀ Ń FI ÌWÉ ÌTÀN ÀRÒSỌ ṢE?

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó dá wa lóhùn.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, a fún àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní ìwé kan pé kí wọ́n lọ kà. Orúkọ ìwé náà ni To Kill a Mockingbird. Harper Lee, obìnrin aláwọ̀ funfun kan láti ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́, ó sì jáde ní 1960. Láti ọjọ́ náà, fóònù wa ò sinmi. Ẹnì kan ní, "Pásítọ̀, ṣé Bíbélì ò tó yín mọ́ ni?" Màmá wa kan fi ohùn ránṣẹ́ pé irọ́ ni ìtàn àròsọ, èṣù sì ni baba irọ́. Ẹlòmíì ní ọ̀rọ̀ dúdú àti funfun, ọ̀rọ̀ òṣèlú ni, kò kan ìjọ Ọlọ́run.

A gbọ́ yín o. Ẹ jẹ́ kí àwa náà sọ tiwa.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti inú Bíbélì tí ẹ dárúkọ. Nígbà tí Dáfídì gba ìyàwó oníyàwó tó sì ní kí wọ́n pa ọkọ rẹ̀, kí ni wòlíì Nátánì gbé lọ bá a? Ìtàn ni! Ìtàn olówó kan àti tálákà kan tó ní àgùntàn kan ṣoṣo. Olówó yẹn ò sí níbì kankan, àgùntàn yẹn náà ò sí. Ṣùgbọ́n ìtàn yẹn ló mú ọba bínú títí tó fi dá ara rẹ̀ lẹ́bi láìmọ̀. Jésù Olúwa wa ńkọ́? Nígbà tí amòfin bi Í pé ta ni ọmọnìkejì òun, ìtàn ló fi dá a lóhùn. Ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ará Samáríà ṣe ẹni rere inú ìtàn náà, ẹ̀yà tí àwọn Júù ò fẹ́ẹ́ rí sójú. Àlùfáà kọjá lọ. Ọmọ Léfì kọjá lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ tẹ́ńpìlì gan-an ni wọ́n kọjá lọ! Ta ló wá sọ fún yín pé ìtàn nípa ìkórìíra ẹ̀yà ò kan ìjọ?

Ó dáa. Ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú ìwé tí ẹ ní kí àwọn ọmọ má kà.

Ìlú kékeré kan ni, ní gúúsù Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1930. Wọ́n fẹ̀sùn kan ọkùnrin dúdú kan, Tom Robinson, pé ó fipá bá ọmọbìnrin funfun kan lò pọ̀, ó sì lù ú nílùkulù. Atticus Finch, lọ́yà funfun kan, ló bá a rojọ́. Ní kóòtù, ó hàn sí gbogbo ènìyàn pé apá ọ̀tún ojú ọmọbìnrin náà ló dégbò, bí ìgbà tí ọlọ́wọ́ òsì bá lu ènìyàn. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ òsì Tom ti rọ láti kékeré, ẹ̀rọ òwú ló fà á. Bàbá ọmọbìnrin náà gan-an ni ọlọ́wọ́ òsì. Òtítọ́ hàn kedere bí ọ̀sán. Síbẹ̀, àwọn ọkùnrin funfun méjìlá tí ẹjọ́ náà wà lọ́wọ́ wọn wọlé lọ gbìmọ̀, wọ́n jáde, wọ́n ní Tom jẹ̀bi. Nígbà tó yá tó fẹ́ sá kúrò lẹ́wọ̀n, wọ́n yìnbọn pa á. Ọta ìbọn 17 ni wọ́n bá lára rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ta ni àwọn ènìyàn ìlú yẹn? Ṣé kèfèrí ni wọ́n? Rárá o. Ìlú tí gbogbo ènìyàn ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Lẹ́yìn ẹjọ́ náà, àwọn màmá ìjọ pé jọ nílé Atticus fún ìpàdé iṣẹ́ ìránṣẹ́ ìhìnrere. Wọ́n ń mu tíì, wọ́n ń jẹ àkàrà òyìnbó, wọ́n ń ṣàánú ẹ̀yà kan ní Áfíríkà tó jìnnà tí wọn ò rí rí. Kò pẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn nípa obìnrin dúdú tó ń dáná fún un nínú ilé, pé láti ìgbà ẹjọ́ yẹn ló ti ń fajú ro. Omi ojú wà fún dúdú tó wà lókè òkun. Èyí tó wà ní kíṣìnì wọn, wọn ò tilẹ̀ fún un láyè kó banú jẹ́.

Ṣé ẹ rí ìdí tí àwọn kan ò fi fẹ́ kí ọmọ ìjọ ka irú ìwé yìí? Ó ń ta wọ́n lára ni.

Ìgboyà wà nínú ìwé náà pẹ̀lú, kì í sì í ṣe ti ariwo. Kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni Atticus ti mọ̀ pé òun ò ní borí, ó sì gbà á. Wọ́n bú u, wọ́n bú àwọn ọmọ rẹ̀ nílé ìwé. Lálẹ́ ọjọ́ tí àwọn ènìyànkénìyàn ń bọ̀ wá yọ Tom pa, ó gbé àga síwájú ẹ̀wọ̀n, ó tan iná, ó ń ka ìwé ìròyìn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó wọ̀ wá lọ́kàn jù nínú ìwé náà, pásítọ̀ bíi tiwa ni. Reverend Sykes ni wọ́n ń pè é, olùṣọ́ àgùntàn ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà. Nígbà tí Tom wà látìmọ́lé, ẹnikẹ́ni ò gba ìyàwó rẹ̀ síṣẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, wọ́n gbé igbá ọrẹ fún obìnrin náà, owó ò pé dọ́là 10. Reverend Sykes ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó máa jáde àfi bí dọ́là 10 bá pé! Ó ń pe àwọn ènìyàn lórúkọ kí wọ́n wá fi tiwọn síbẹ̀. Tálákà ni gbogbo wọn. Owó náà sì pé.

Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa, ìgbà wo la ti ilẹ̀kùn kẹ́yìn nítorí ìyàwó ẹlẹ́wọ̀n? A ti ń tì í nítorí màíìkì tuntun o.

Àwọn kan máa sọ pé òyìnbó náà ló kọ ìwé yẹn, òyìnbó náà ló fi ṣe akọni, Tom tí wọ́n pa ò rí ọ̀rọ̀ sọ tó bó ṣe yẹ. Òótọ́ ni, a ò jiyàn. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí àwọn ọ̀dọ́ ka ti Frederick Douglass mọ́ ọn. Ẹrú ni, ó sá fún oko ẹrú ní 1838, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ní 1845. Kì í ṣe àròsọ rárá. Ó sọ pé ní 1832, ọ̀gá òun lọ sí ìpàgọ́ ìsọjí àwọn Mẹ́tọ́díìsì, ó gba ìgbàgbọ́. Douglass rò pé ìgbàgbọ́ yẹn máa jẹ́ kó ṣàánú àwọn ẹrú rẹ̀. Ó le sí i ni! Tó bá ń na ọ̀dọ́bìnrin kan tó ti di aláàbọ̀ ara, ẹsẹ Bíbélì ló ń kà sí i. Nígbà tí Douglass àti àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi láti kọ́ àwọn ẹrú ní ìwé kíkà, àwọn olórí kíláàsì nínú ìjọ ló gbé igi àti òkúta wá tú wọn ká. Síbẹ̀ Douglass ò kọ Jésù. Ó ṣàlàyé ní ìparí ìwé rẹ̀ pé ẹ̀sìn àwọn amúnisìn lòun ń bá jà, kì í ṣe ti Kristi.

Ẹ wo Huckleberry Finn náà, èyí tí Mark Twain kọ, tó jáde ní 1884. Ọmọdékùnrin funfun kan àti Jim, ẹrú tó sá lọ, jọ ń gba orí odò lọ. Gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ́ ọmọ yẹn ni pé ẹni tó bá ran ẹrú lọ́wọ́ láti sá, olè ni, ọ̀run àpáàdì ló ń lọ. Ó jókòó, ó kọ lẹ́tà láti fi tú Jim fó. Ó wá rántí gbogbo oore Jim sí i lójú odò. Ó ya lẹ́tà náà. Ó gbà láti lọ sí ọ̀run àpáàdì ju pé kó da ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọdé ní Sunday School, ẹ ronú sí èyí. Kí la ti kọ́ ọmọ tó fi rò pé ìfẹ́ ni ẹ̀ṣẹ̀?

Ẹ má wulẹ̀ sọ pé ti Amẹ́ríkà àtijọ́ nìyẹn. Bíbélì Yorùbá tí ẹ fi ń bá wa jà yìí, Bíṣọ́ọ̀bù Ajàyí Crowther ló ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú nígbà èwe rẹ̀ ni, wọ́n sì fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ní 1890, àwọn òyìnbó ajíhìnrere tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ wá sí Odò Ọya, wọ́n tẹ́ arúgbó yẹn, wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó kú lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn 1891. Bíbélì ló wà lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é bẹ́ẹ̀.

Àwa Pẹ́ńtíkọ́sì ńkọ́? William Seymour, ọmọ àwọn tó ti ṣe ẹrú rí, lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa Ẹ̀mí Mímọ́ ní Houston nílé ẹ̀kọ́ Charles Parham. Nítorí àwọ̀ rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí, láti ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́. Ẹni ẹnu ọ̀nà yẹn ni Ọlọ́run lò ní Azusa Street ní 1906, tí dúdú àti funfun fi kúnlẹ̀ pọ̀. Parham dé ibẹ̀ lọ́dún kan náà, ó rí i bí wọ́n ṣe dà pọ̀, ó sì bínú. Iná tí ẹ ń jó sí lónìí, ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá tú inú ara wa wò. Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Houston, Atlanta àti Baltimore, ẹ̀yin tí ẹ ń ké pe pásítọ̀ kó gbàdúrà nítorí ọ̀gá òyìnbó tó ń fojú tín-ín-rín yín níbi iṣẹ́, ta ni ẹ ń pè ní "akátá"? Ọmọ Tom Robinson ni. Ọmọ Douglass ni. Ẹ ní kí ọmọ yín má fẹ́ wọn, ẹ ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ tí òyìnbó fi ń bú yín náà lẹ gbé lé wọn lórí.

Àwa tí a wà nílé náà, kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín. Arákùnrin kan wà nínú ìjọ wa, ọmọ Ìgbò, àdúgbò wa ni wọ́n bí i sí. Ó ń wá ilé. Àgbà ìjọ kan tó ní ilé sọ níṣojú wa pé ilé òun ò gba irú wọn. A gbọ́ ọ. A rẹ́rìn-ín, a yí ọ̀rọ̀ padà. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ìdí? Àgbà yẹn ló ń bá wa kan òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Arákùnrin náà ò jà. Ó kàn dẹ́kun wíwá ni. Nígbà tí a pè é, ó ní, "Pásítọ̀, ọ̀rọ̀ wọn ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ni mo ń wò lójú."

Àwa ni ọmọ Léfì tó kọjá lọ. A ti lọ bá a nílé, a tọrọ àforíjì. Ó dárí jì wá, ṣùgbọ́n kò tíì padà wá.

Ìdí tí a fi fún àwọn ọ̀dọ́ ní ìwé nìyẹn. A ti ń ka ìtàn ará Samáríà rere láti kékeré, ó ti mọ́ wa lára débi pé kò gún wa mọ́. Ìwé Harper Lee la kà tí a fi rí ojú ara wa, láàárín àwọn màmá tó ń mu tíì. Ìwé àròsọ ò lè gba ọkàn là, Jésù nìkan ló ń gbani là. Ṣùgbọ́n ó lè jí ẹni tó ń sùn nínú ìjọ.

Láti òní lọ, ẹni tó bá ń fi ẹ̀yà lé ènìyàn nílé rẹ̀, tàbí tó ń fi fóònù pín èébú ẹ̀yà kiri, kò ní di ipò mú nínú ìjọ wa, bó ti wù kí ọrẹ rẹ̀ pọ̀ tó. A ti sọ ọ́ fún àgbà náà lójúkojú. Ìdajì òrùlé ò tíì kàn. Tí òjò bá ń pa wá, ká jọ máa sìn Ọlọ́run nínú òjò.

Nínú ìwé yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n dá Tom lẹ́bi, gbogbo àwọn dúdú tó wà lókè kóòtù dìde dúró bí Atticus ṣe ń kọjá lọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré jókòó láàárín wọn, Reverend Sykes ló sọ fún un pé kó dìde. Ẹjọ́ ti bọ́, síbẹ̀ wọ́n dìde fún ẹni tó ṣe ohun tó tọ́. Ọmọ wa ń wò wá, ẹ̀yin ará. Ṣé ohun kan wà tí a ti ṣe tí wọ́n máa fi dìde?

Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ọ̀dọ́ máa sọ ohun tí wọ́n rí nínú ìwé náà. Màmá wa tó fi ohùn ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wá jókòó níwájú. A fẹ́ kí ẹ gbọ́ wọn.

Olúwa, wẹ ìkórìíra kúrò lọ́kàn wa. Fún wa ní ẹnu láti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí dídákẹ́ bá máa mú èrè wá. Ní orúkọ Jésù. Ẹni tó bá gbà á gbọ́, kó ṣe Àmín, kó sì bá wa pín in.