Irinṣẹ́ Tó Gbọ́ Èdè Ju Ogún Lọ

Àwọn àgbà ní àgbọ́ìgbọ́tán Ègùn, ìjà ní í dá sílẹ̀. Ẹni tó bá ti Kétu wá ná ọjà ní Àjàṣẹ́ mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Yorùbá ni yóò fi kí ará ilé rẹ̀, Ègùn ni yóò fi dúnàá-dúrà, bí ó bá sì dé ọ́fíìsì ìjọba, Faransé ni yóò fi sọ tẹnu rẹ̀. Ẹnìkan náà ni. Èdè tí a fi ń wọlé ni ó yàtọ̀ láti ẹnu-ọ̀nà kan sí èkejì.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí láàárín àwọn kọ̀ǹpútà. Méjì nínú wọn kò lè gba ohunkóhun lọ́wọ́ ara wọn àfi bí wọ́n bá ti fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ kí ẹnìkejì, bí a ṣe ń béèrè nǹkan, àti bí a ṣe ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àdéhùn yìí ni àwọn elédè Faransé ń pè ní protocole. Kò ṣàjèjì sí àwọn baba wa. Owó ẹyọ mẹ́fà nínú àrokò ń sọ pé ọkàn ẹni tó rán an ń fà sí ẹni tí a rán an sí. Ẹni tí kò mọ àdéhùn náà, owó lásán ni yóò rí.

Irinṣẹ́ kan wà tó mọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ju 20 lọ. Curl ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Bràsíl kan, Rafael Sagula, ni ó ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní 1996. Daniel Stenberg, ará Swídìn, tẹ́wọ́ gbà á, ó ń fi í wá iye tí a ń ṣẹ́ owó ilẹ̀ kan sí ti òmíràn. Ní oṣù kẹta ọdún 1998, ó sọ ọ́ ní curl. Kò ní àwòrán, kò ní bọ́tìnnì. Àṣẹ àti àdírẹ́sì ni a ń tẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú àdírẹ́sì ni ó ń sọ èdè tí yóò lò: http ń kan ilẹ̀kùn 80, https ń kan 443, ftp ń kan 21, sftp ń kan 22. Imap ń gba lẹ́tà wá, smtp ń fi ránṣẹ́, dict sì ń béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èdè ni ó ń pa àṣírí mọ́. Ftp ti wà láti 1971, nígbà tí àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ kò pọ̀. Gbangba ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ aṣínà kọjá, ẹni tó bá lúgọ sójú ọ̀nà yóò kà á. Https ń di ẹrù rẹ̀, ó sì ń béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Bí ìwé ẹ̀rí náà kò bá pé, curl yóò kọ̀, kò ní gba nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a wá fi -k kún àṣẹ wọn kí ó lè dákẹ́. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tó gbọ́ ìkànlẹ̀kùn lóru, tó ṣílẹ̀kùn láìbéèrè pé, “Ta nìyẹn?”

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Lónìí, a ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, oríkì ìdílé àti orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, a sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ láti Ṣábẹ dé ẹ̀yìn odi. Ẹ jẹ́ kí a fi sftp tàbí https rán wọn. Bí ìwé ẹ̀rí bá kùnà, ẹ jẹ́ kí a pe ẹni tó ni ibẹ̀ kí ó tún un ṣe.

Ohun kan ṣì wà tí a gbóríyìn fún. Gopher, èdè tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Minnesota ní 1991, kò fi bẹ́ẹ̀ ní ẹni tó ń sọ ọ́ mọ́, síbẹ̀ curl kò gbàgbé rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnu kan bá ń sọ èdè kan, tí etí kan sì ń gbọ́ ọ, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tíì sọnù. Kí àwa náà má ṣe gbàgbé tiwa.

Ó di ìgbà mìíràn.