Kọ́ńpìnnì Ló Jẹ Ọ́, Kì Í Ṣe Èmi

Ọ̀gá Olóòtú,

Aránbàtà ni mí. Lọ́dún tó kọjá, mo rán bàtà ogójì fún kọ́ńpìnnì kan. Nígbà tí mo lọ gba owó, ọ̀gá wọn ní kọ́ńpìnnì ló jẹ mí, kì í ṣe òun, kọ́ńpìnnì sì ti kógbá sílé. Mọ́tò rẹ̀ ṣì wà níwájú ilé o!

Jìbìtì ni mo pè é. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ lọ́yà ló là mí lọ́yẹ pé òfin ni, àti pé ẹjọ́ aránbàtà bíi tèmi ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Salomon lorúkọ rẹ̀, ní Lọ́ńdọ̀nù. Òfin ìgbà yẹn ní ènìyàn méje ni kó dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀. Ó kó ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ márùn-ún mọ́ra, ó fún wọn ní ṣíà kọ̀ọ̀kan, ó kó ìyókù sápò ara rẹ̀. Nígbà tí ọjà kùtà, wọ́n ní kó san gbèsè kọ́ńpìnnì. Ní 1896, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ ní rárá, kọ́ńpìnnì yàtọ̀ sí ẹni tó dá a sílẹ̀. Ohun tí àwa náà ń tẹ̀ lé nìyẹn dòní.

N kò ní òfin náà burú. Ta ni yóò dáwọ́ lé òwò ńlá bí wọ́n bá lè torí ẹ̀ ta ilé bàbá rẹ̀? Ṣùgbọ́n òfin wa ti 1990 ṣì ń fẹ́ ẹni méjì. Ti 2020 ní ẹnì kan ṣoṣo ti tó fún kọ́ńpìnnì aládàáni. Òun náà ló ní kí ẹni tó bá ní ìpín 5% sọ ara rẹ̀ di mímọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àfi tó bá ju 25% lọ. Tiwa le jù, nínú ìwé! Ta ló ń yẹ orúkọ wọ̀nyẹn wò? Lọ́ńdọ̀nù pàápàá, títí di oṣù kẹta 2024, wọn ò lágbára gidi láti dá ìwé tó rú wọn lójú padà. Láti oṣù kọkànlá 2025 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè ẹ̀rí pé ẹni tó pe ara rẹ̀ ní dírẹ́kítọ̀, òun gan-an ni. Kí àwọn tiwa l'Ábújá ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́yà mi ní bí mo bá lè fi hàn pé ṣe ni ọ̀gá yẹn mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ lu àwọn tó ń tà á láwìn ní jìbìtì, ilé ẹjọ́ lè ní kó san án lápò ara rẹ̀. Owó ẹjọ́ á sì ju owó bàtà lọ.

Ní báyìí, kọ́ńpìnnì tó bá fẹ́ àwìn lọ́wọ́ mi, ọ̀gá wọn á fọwọ́ síwèé pé òun fúnra òun ni yóò san. Ẹni méjì ti bínú lọ. Ẹnì kẹta fọwọ́ sí i.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Aránbàtà,
Mápó, Ìbàdàn.