Ẹ̀yin Òṣìṣẹ́ Òru, Ìfun Yín Mọ̀ Pé Ilẹ̀ Ti Ṣú

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń gbé Côte d'Ivoire, níbi tí wọ́n ti ń pè wá ní Anàgó. Ní ìlú Bouaké níbẹ̀, iṣẹ́ ilé ẹ̀rọ kì í ṣe tuntun. Láti àwọn ọdún 1920 ni ilé iṣẹ́ aṣọ Gonfreville ti wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ òru ní Zone industrielle ìlú náà kò yàtọ̀ sí nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru n'Íbàdàn. Inú wíwú, àyà títa, ara tó ń sanra: wọ́n á ní àárẹ̀ ni. Àárẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àsìkò tí wọ́n ń jẹun náà wà níbẹ̀.

Aago wà nínú ara wa. Kì í ṣe ọpọlọ nìkan ló ní in, ẹ̀dọ̀ àti ìfun ní tiwọn. Ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ló ń tọ́ aago ọpọlọ sọ́nà. Àsìkò oúnjẹ ló ń tọ́ ti ẹ̀dọ̀ àti ìfun. Ìwádìí lórí aago yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel fún Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young lọ́dún 2017.

Inú ìfun náà ni àìmọye kòkòrò àìfojúrí ń gbé. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọ̀tá: wọ́n ń bá wa lọ oúnjẹ tí ìfun ò lè dá lọ̀, wọ́n sì ń dènà àwọn kòkòrò búburú. Iṣẹ́ tiwọn náà ń yí padà láàárín ọ̀sán àti òru. Lọ́dún 2014, àwọn onímọ̀ ní Israel gba kòkòrò ìfun lára èèyàn méjì tó wọ bàálù wá láti Amẹ́ríkà, nígbà tí ara wọn ò tíì bá aago ibẹ̀ mu. Wọ́n gbé e sínú eku tí kò ní kòkòrò kankan. Àwọn eku náà sanra, ara wọn ò sì kápá ṣúgà dáadáa mọ́.

Ṣé kò wá sí ọ̀nà àbáyọ fún ẹni tí kò lè fi iṣẹ́ òru sílẹ̀ ni? Ó wà. Lọ́dún 2021, wọ́n gbé àbájáde ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà, níbi tí èèyàn 19 ti gbé bí òṣìṣẹ́ òru. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń jẹun lóru fi ìdá 6.4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè. Ti àwọn tó jẹun lójú ọ̀sán nìkan kò lọ sókè. Èèyàn 19 kéré lóòótọ́, àmọ́ ó bá ohun tá a mọ̀ nípa aago ìfun mu.

Nítorí náà, ẹ jẹ oúnjẹ gidi kẹ́ ẹ tó kúrò nílé nírọ̀lẹ́. Láti ọ̀gànjọ́ òru títí di ìdájí, omi ni kẹ́ ẹ máa mu. Bí ebi bá le, ẹ̀pà díẹ̀ tàbí èso tó. Kì í ṣe attiéké kún abọ́ pẹ̀lú ẹja díndín àti mínírà. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ jẹun níwọ̀nba, kẹ́ ẹ sì sùn nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ọkà bàbà ni oúnjẹ tí àwọn kòkòrò rere fẹ́ràn. Tínú bá ń run yín, ẹ má lọ ra oògùn apakòkòrò lẹ́bàá títì. Á pa èyí tó ń ṣe yín láǹfààní pọ̀ mọ́ èyí tí kò dáa.

Ìkìlọ̀ kan: ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tó ń lo oògùn tàbí abẹ́rẹ́, kò gbọdọ̀ fi oúnjẹ òru sílẹ̀ láìrí dókítà rẹ̀. Ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì.

Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ má gbé oúnjẹ dání fún un ní abọ́ ńlá mọ́, ẹ jẹ́ kó yó kó tó jáde. Láàárọ̀, ẹ bá a mú kílé dákẹ́. Ọmọ ọwọ́ kò ní lóye: aago tirẹ̀ kì í sábà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ títí yóò fi pé bí oṣù mẹ́ta. Ẹ gbé e síta kó rí ìmọ́lẹ̀ láàárọ̀, ẹ pa iná lálẹ́, kẹ́ ẹ sì máa fún un lọ́mú, torí ọmú ìyá ń bọ́ kòkòrò rere inú ìfun rẹ̀.

Owó tẹ́ ẹ ń wá lóru, ẹ jẹ́ kẹ́ ẹ ní ìlera láti ná an.