Ọ̀kẹ́ kan

Ẹni tí ó bá mú owó bébà 10 000 CFA méjì lọ sí ọjà Assigamé ní Lomé níhìn-ín, ọ̀kẹ́ kan ni ó mú dání. Kò sí owó bébà CFA tí ó ju 10 000 lọ, ẹgbàárùn-ún sì ni èyí, ìdajì ọ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá bi àwọn ọmọ wa léèrè ohun tí vingt mille ń jẹ́ ní Yorùbá, «ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún» ni wọn yóò fi dá wa lóhùn. A kò lè pè é ní àṣìṣe. Síbẹ̀, ìṣirò Faransé ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe: wọ́n fi ẹgbẹ̀rún ṣe ìpìlẹ̀, bí Faransé ti fi mille ṣe é.

Ìpìlẹ̀ ti ọ̀kẹ́ yàtọ̀. Àpò owó ẹyọ ni: 40 ẹyọ nínú okùn kan, 50 okùn di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́. (Àwọn Fọ̀n tí a jọ ń ná ọjà kan náà ń pe 40 ní kandé, èyíinì ni okùn kan.) Ní 1887, Adolphus Mann ṣe àpèjúwe bí àwọn tí ń ka owó ṣe ń fi ọwọ́ fa ẹyọ ní márùn-ún márùn-ún títí yóò fi di ogún, òkìtì ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, méjì irú rẹ̀ di igba. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó sì gba agbára: ẹyọ ọ̀kẹ́ kan wúwo ju 20 kílò lọ.

Nítorí pé ọwọ́ ni ó kọ́ ọ, 2 àti 5 nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ 2 ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún, ẹ kọ 5 ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, kí ẹ wá fi gbogbo wọn sọ ara wọn di púpọ̀: 20 000 ni yóò jáde. Èyí ni ó mú kí ọgbọ̀n nọ́ńbà lè pín in láìṣẹ́kù. Bí olè bá yọ ẹyọ kan péré nínú àpò, 19 999 ni yóò kù, nọ́ńbà mẹ́rin péré ni ó sì lè pín ìyẹn: 1, 7, 2 857 àti òun fúnra rẹ̀. Tí a bá ṣe é ní kíláàsì, àánú ẹni tí yóò pín owó náà ló máa ń ṣe àwọn ọmọ.

Mílíọ̀nù tí ó dé bá wa pàápàá bá àpò náà mu: àádọ́ta ọ̀kẹ́ gẹ́lẹ́ ni, bí àwọn àgbà ti ń pè é títí di òní. Ká ní 24 000 ni wọ́n fi ṣe àpò ni, àpò 41 ni mílíọ̀nù ìbá kún, 16 000 ìbá sì ṣẹ́kù. Ọmọ tí kò gbọ́ ọ̀kẹ́ rí kò lè mọ ibi tí orúkọ yẹn ti wá.

Nọ́ńbà tí ó ń bá ọ̀kẹ́ jà ni 3. Bí bàbá bá kú, tí a fẹ́ pín ọ̀kẹ́ kan fún ìdí igi mẹ́ta, ọmọ ìyá mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gba 6 666, ẹyọ méjì yóò sì wà nílẹ̀. Bí ó jẹ́ ìdí igi mẹ́fà, méjì náà ni yóò kù. Bí ó jẹ́ méje, ẹyọ kan. Ibi yòówù kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí pín in, 2 àti 5 kò lè bí 3. Kí ọ̀kẹ́ tó ṣe é pín sí mẹ́ta, àfi kí òun fúnra rẹ̀ pé mẹ́ta.